Noctua NF-A12x25 PWM: fáànù yìí dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ la ọ̀nà fún afẹ́fẹ́

Iṣẹ́ ohùn ni iṣẹ́ mi, ní Bódìjà n'Ìbàdàn: ìpolówó rédíò, ìwé tí a kà sílẹ̀ fún gbígbọ́, oríkì fún àwọn tó ń ṣe òkú àgbà. Inú yàrá kan náà ni kọ̀ǹpútà mi àti máíkì mi jọ wà. Nítorí náà, bí mo bá ní fáànù kan dákẹ́, kì í ṣe irú ìdákẹ́ tí ẹni tó fi íàpíìsì di etí tó ń gbá géèmù ń sọ o. Máíkì mi kì í parọ́. Ohun tí ó ti mọ́ yín létí débi pé ẹ kò gbọ́ ọ mọ́, yóò gbà á sílẹ̀ porogodo. Sọfitíwíà tó ń yọ ariwo kúrò wà lóòótọ́, àmọ́ bí ẹ bá lò ó jù, ohùn yín á máa dún bí ti ẹni tó ki orí bọ inú ìkòkò.

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ńkọ́: òru ni mo ń ṣiṣẹ́. Bí aago kan òru bá ti lù, gbogbo jẹnẹrétọ̀ kéékèèké ti panu mọ́. Mo ti gbé ìnfátà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí fáànù wà nínú òun náà. Ohun tó wá kù tó ń pariwo ni kéèsì kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́sẹ̀ mi.

Fáànù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni Noctua NF-A12x25 PWM, èyí tó jáde ní 2018, kì í ṣe G2, ẹ̀dà tuntun tó jáde ní 2025. Iléeṣẹ́ Austria ló ṣe é. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 120 mm, nínípọn rẹ̀ 25 mm. Ó lè yí dé 2,000 rpm (ìyẹn iye ìgbà tó ń yípo ní ìṣẹ́jú kan), ó sì lè rọra máa yí ní 450. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bó bá sáré dópin, ariwo rẹ̀ kò ju 22.6 dB(A) lọ (dB ni wọ́n fi ń wọn ariwo). Ohun tó jọ mí lójú jù ni abẹ rẹ̀. Ike líle kan tí wọ́n ń pè ní Sterrox ni wọ́n fi ṣe é, ike tí kì í nà nígbà tí ó bá gbóná tàbí tó bá ń sáré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè mú orí abẹ súnmọ́ férémù tó bẹ́ẹ̀: 0.5 mm péré ló wà láàárín wọn. Mo ti káàdì ATM sí àlàfo yẹn wò, kò wọlé.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Owó gidi ni. Nǹkan bí 30 dọ́là ni wọ́n ń ta ọ̀kan nígbà tó kọ́kọ́ jáde, iye tó lè ra fáànù lásán bíi mélòó kan l'Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, kí owó ọkọ̀ sì tún ṣẹ́kù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Peckham ló bá mi gbé mẹ́ta bọ̀. Ní ti àwọ̀, brown òun krímù ni, ìyàwó mi sì ní òun kò fẹ́ rí i ní pálọ̀. Dúdú rẹ̀ wà, chromax ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá gbé fáànù yìí sínú kéèsì tó di pa, owó yín wọ́gbó. Iwájú kéèsì tèmi, ike gbalaja kan ni, ojú àlàfo tóóró ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n ní kí afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé. Lẹ́yìn ike yẹn, irin tí wọ́n lu ihò wínníwínní sí lára ló tún wà, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ tó bá ń fipá gba inú irú ihò bẹ́ẹ̀ á fọ́ sí wẹ́wẹ́, abẹ fáànù á sì máa gé afẹ́fẹ́ tó ti fọ́ náà. Ibẹ̀ ni súfèé tí ẹ ń gbọ́ ti ń wá, kì í ṣe inú mọ́tò fáànù.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ẹ bá dín eré fáànù kù sí ìdajì, ariwo rẹ̀ á fi nǹkan bíi 15 dB lọ sílẹ̀, èrè ńlá nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé á dín sí ìdajì pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n agbára tó fi ń ti afẹ́fẹ́ náà gba ibi híhá á já sí ìdá kan péré nínú mẹ́rin ohun tó ní tẹ́lẹ̀. Fáànù tó dákẹ́ kò lókun láti jà. Ẹ yáa ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kéèsì tiyín di, ẹ tan kọ́ìlì ẹ̀fọn kan, kí ẹ gbé e síwájú rẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ike iwájú tèmi ṣì wà lára rẹ̀, èéfín náà gòkè lọ tààrà, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ kéèsì. Bí mo ṣe ṣí ike náà kúrò, ó tẹ̀ wọlé ní kíá. Mo tún gbé kọ́ìlì náà lọ sẹ́yìn, níbẹ̀ ni mo ti rí i pé afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń jáde ń yípo padà wọlé láti ẹ̀yìn kéèsì, níbi àlàfo tí wọ́n ń ki káàdì kọ̀ǹpútà bọ̀, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Tépù aláwọ̀ fàdákà ni mo fi dí ìyẹn. Kò ná mi ní nǹkan kan.

Wẹ́dà kan ní Sàńgo ló bá mi gé irin náà. Ẹ tú gbogbo ohun tó wà nínú kéèsì síta kí ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, títí kan motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́), torí èérún irin kan ṣoṣo tó bá há síbi tí iná ń gbà, ó ti parí. Mo fi máákà fa òbíríkítí sí ara irin níwájú àti lẹ́yìn. Ní fáànù 120 mm, 105 mm ló wà láàárín ihò skúrù kan sí èkejì, nítorí náà mo bẹ ọmọkùnrin yẹn pé kó má jẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó yí kéèsì náà sọ́tùn-ún sósì, ó wò mí lójú: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé adìyẹ lẹ fẹ́ kó sínú ẹ̀ ni?” Ó gé e dáadáa ṣá, ó sì fi fáìlì ra etí rẹ̀. Mo ra rọ́bà tí wọ́n ń fi sí etí ilẹ̀kùn mọ́tò, mo fi bo ojú ibi tó gé, kó má baà gé èmi náà lọ́wọ́.

Ike iwájú kò padà síbẹ̀ mọ́. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, èyí tí gbogbo wa fi ń lé ẹ̀fọn, ni mo nà sára férémù igi kékeré kan tí mo fi rọ́pò rẹ̀. Fáànù méjì ń fa afẹ́fẹ́ wọlé níwájú, ẹyọ kan ń tì í jáde lẹ́yìn, ó sì ń yí díẹ̀díẹ̀ ju àwọn tiwájú lọ. Bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé bá ju èyí tó ń jáde lọ, eruku kò ní ráyè yọ́ wọlé láti ibòmíràn. Ó di dandan kó gba ojú nẹ́ẹ̀tì. Lásìkò ọyẹ́, ẹ óò rí i bí nẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe máa ń pupa. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ó tán.

Inú páálí Noctua ni wọ́n ti kó rọ́bà gígùn mẹ́rin sí fún fáànù kọ̀ọ̀kan, láti fi rọ́pò skúrù kí gbígbọ̀n fáànù má baà ran irin kéèsì. Fífà rọ́bà náà kọjá nínú ihò ń dun ọmọ ìka, ṣùgbọ́n ẹ fara dà á. Wáyà kan tún wà níbẹ̀ tó ń dín eré fáànù kù sí 1,700 rpm. Tèmi ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀, torí BIOS, ètò inú motherboard tí ẹ lè ṣí bí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ rí i pé PWM (fífi àmì iná darí eré fáànù) lẹ yàn níbẹ̀, kì í ṣe DC (dídín agbára iná rẹ̀ kù). Mo ní kí àwọn fáànù iwájú dúró sórí 750 rpm títí ooru processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, yóò fi kọjá 65 °C, kó sì máa falẹ̀ kó tó gòkè. Èmi lè fara mọ́ ariwo tó dúró sójú kan. Èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń ba gbígba ohùn jẹ́, torí ó máa ń hàn láàárín gbólóhùn méjì.

Processor Ryzen 5 5600 ló wà nínú ẹ̀rọ mi. Tẹ́lẹ̀, fáànù tó bá kéèsì wá ń sáré ní 1,300 rpm, ooru sì ń gun 78 °C tí mo bá ń po ohùn pọ̀. Ní báyìí, ní 750, kì í ju 70 lọ, nínú yàrá tí kò sí AC. Kí n lè mọ ẹni tí mo máa yìn, mo dá àwọn fáànù àkọ́kọ́ padà sínú kéèsì tí a ti gé náà, ní 750 kan náà: ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Wẹ́dà ni mo jẹ ní gbèsè ọpẹ́ ní ti ooru. Ibi tí Noctua ti gba owó rẹ̀ ni irú ohùn tó kù. Fáànù àkọ́kọ́ ń ta kẹ́-kẹ́-kẹ́ lábẹ́lẹ̀, mo sì ń rí i lójú ìlà ohùn lórí ẹ̀rọ. Noctua, atẹ́gùn jẹ́jẹ́ lásán ni, máíkì kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á sí.

Ṣé kí ẹ rà á? Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá tí kọ̀ǹpútà wà, bẹ́ẹ̀ ni, láìjanpata. Bí owó kò bá tó mẹ́ta, ẹ ra ẹyọ kan, kí ẹ fi sí ibi tó kọjú sí máíkì. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kan ohùn, owó wẹ́dà àti nẹ́ẹ̀tì ni kó kọ́kọ́ ná, kó sì gbọ́ bó ṣe rí ná. Tó bá ṣì ń wá fáànù lẹ́yìn ìyẹn, owó NF-P12 redux-1700, fáànù Noctua mìíràn, kéré sí ti èyí púpọ̀, yóò sì tó o. Skúrù nìkan ló ń bá a wá nínú páálí o. Rọ́bà rẹ̀, ọ̀tọ̀ lẹ óò rà á.