Àgbéyẹ̀wò ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ sí irà: wíwá ibùgbé àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó fẹ́ parun

Ilé ẹ̀kọ́ ni ètò yìí wà fún. Wọ́n ń pèsè afinimọ̀nà àti irinṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì wọ irà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, láti mọ ohun tó mú kí ibẹ̀ gba ọ̀pọ̀lọ́ tó ti ń ṣọ̀wọ́n. Ó dára gan-an, pàápàá apá ti alẹ́. Àmọ́ kí olùkọ́ tó sanwó fún irú ètò báyìí níbikíbi, kó kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń fọ bàtà. Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn kan pàtó sọ, ẹ má kó ọmọ tẹ̀ lé e.

Ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ bàtà lè gbé àrùn chytrid láti irà kan dé òmíràn. Èbu kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á, awọ ọ̀pọ̀lọ́ ló sì ń bá jà. Awọ yìí ni ọ̀pọ̀lọ́ fi ń fa omi sára, ó tún ń fi mí. Bó bá ti bàjẹ́, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn Science gbé jáde ní 2019 sọ pé ó kéré tán, oríṣi 501 nínú àwọn ọ̀pọ̀lọ́ àti ìbátan wọn ló ti dín kù nítorí àrùn yìí, 90 nínú wọn sì ti parun tàbí kí a gbà pé wọ́n ti parun.

Bí àwọn elétò yìí ṣe ń ṣe é tọ̀nà. Búrọ́ọ̀ṣì ló ń ṣáájú: wọ́n á ha gbogbo ẹrẹ̀ tó há sí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kúrò, nítorí ẹrẹ̀ máa ń pa agbára oògùn. Lẹ́yìn náà ni Virkon, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, gíráàmù 10 sí lítà omi 1, kí bàtà sì wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Wọ́n á wá sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ pátápátá, torí èbu yìí kò fara da gbígbẹ. Àwọ̀n àti abọ́ náà ń gba inú oògùn kan náà kọjá, ohun tí ọ̀pọ̀ ètò máa ń gbàgbé. Omi oògùn tó bá ti dà bí ẹrẹ̀ ti tán lágbára. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì dà á nù síbi tó jìnnà sí irà. Àléébù ibẹ̀ ni pé abọ́ oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n gbé sílẹ̀ fún odindi kíláàsì. Ìlà á gùn, àwọn ọmọ á máa kánjú, ẹsẹ̀ á ki bọ̀ ọ́ á tún jáde lójú kan náà. Abọ́ mẹ́ta ló yẹ, kí àgbàlagbà kan dúró ti ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aago lọ́wọ́.

Yíyẹ omi wò ni mo ti ní àríwísí jù. Wọ́n ń wọn ìgbóná omi lábẹ́ òjìji, ní sẹ̀ǹtímítà 10 sísàlẹ̀, èyí dára. Bébà pH, tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe kan tó, ni kò tó. Nínú omi tí èròjà inú rẹ̀ kéré, bí omi òjò, bébà yẹn máa ń lọ́ra láti yí àwọ̀, ẹni tó bá kánjú á sì ka ohun tí kì í ṣe òótọ́. Ẹ̀rọ pH kékeré tí a ti fi omi òdiwọ̀n pH 4 àti 7 tún ṣe sàn jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré: bí pH bá ti wá sísàlẹ̀ 5, ẹyin ọ̀pọ̀ oríṣi ọ̀pọ̀lọ́ kì í pa dáadáa. Ọ́síjìn náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, nírọ̀lẹ́. Lójú ọ̀sán, ewéko inú omi ń tú ọ́síjìn jáde. Lóru wọn kì í tú u mọ́, gbogbo ohun abẹ̀mí tó wà níbẹ̀ ló sì ń lò ó, ìdí nìyẹn tó fi máa ń kéré jù ní ìdájí. Òǹkà ìrọ̀lẹ́ nìkan á mú kí irà tó ń jìyà dà bí èyí tí ara rẹ̀ le.

Àlàyé wọn nípa omi tó ń gbẹ ló wú mi lórí. Àwọn ọmọ máa ń rò pé irà tó bá gbẹ lọ́dọọdún ti bàjẹ́. Rárá o. Gbígbẹ yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹja gbilẹ̀ níbẹ̀, ẹja ló sì ń jẹ ẹyin àti ọmọ ọ̀pọ̀lọ́. Kí omi ṣáà ti dúró pẹ́ tó kí ọmọ inú omi tó yọ ẹsẹ̀, kí ìrù rẹ̀ sì wọlé.

Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà kan lọ ni wọ́n ń lò. Ó ń gbé ọmọ lámilámi àti tanwíjí dáadáa. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ kò gbọdọ̀ kan ọwọ́, kódà pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, torí èròjà ara ìbọ̀wọ́ mìíràn máa ń pa á. Ike tí a lè rí inú rẹ̀ ni kí ẹ fi bù ú pẹ̀lú omi rẹ̀, lábẹ́ òjìji, kó sì padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Oògùn ẹ̀fọn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi para léwu fún ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ pẹ̀lú, aṣọ alápá gígùn ló dára jù. Wọn kì í lé ọ̀pọ̀lọ́ àgbà mú rárá, mo sì yìn wọ́n fún un: ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré lọ́sàn-án lásán, àti pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìwé àṣẹ ni a fi ń fọwọ́ kan èyí tó fẹ́ parun.

Tí ilẹ̀ bá ṣú, etí ló kù. Wọ́n á dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 2, torí ìró ẹsẹ̀ máa ń pa ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́nu mọ́, wọ́n á wá fetí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3. Akọ ló ń ké. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń díwọ̀n igbe náà: ohùn tí a lè kà lọ́kọ̀ọ̀kan gba 1. Èyí tó ń wọnú ara wọn àmọ́ tí a ṣì lè yà sọ́tọ̀ gba 2. Igbe àjùmọ̀ké tí kò dáwọ́ dúró gba 3. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ tirẹ̀ kó tó wo ti ẹnìkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo wọn á kọ ohun tí ọmọ tó lóhùn jù bá sọ. Òdo, ìyẹn bí a kò bá gbọ́ ohùn kankan, náà jẹ́ èsì, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbóná afẹ́fẹ́ àti bóyá òjò ti rọ̀.

Ohun kan ṣì wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe. Fọ́tò tí àwọn ọmọ ń yà pẹ̀lú fóònù máa ń gbé ibi tí wọ́n ti yà á pamọ́ sínú, àwọn tó ń kó ọ̀pọ̀lọ́ tà sì lè tọ̀ ọ́ lọ. iNaturalist, ìkànnì tí àwọn èèyàn ń gbé àwòrán ohun abẹ̀mí tí wọ́n rí sí, máa ń bo ibi gan-an mọ́lẹ̀ fún oríṣi tó fẹ́ parun, àmọ́ fọ́tò tí a fi ránṣẹ́ láàárín ara wa kò ní ààbò yẹn. Kí olùkọ́ rí i pé wọ́n ti pa àmì ibi lórí gbogbo fóònù kí ọkọ̀ tó gbéra.