Amẹ́ríkà 2008, Gíríìsì 2012: ojú méjì tí ọjà bọ́ǹdù ní

Lọ́dún 2008 tí àwọn báńkì ń wó ní Amẹ́ríkà, bọ́ǹdù ìjọba Amẹ́ríkà, ìyẹn ìwé gbèsè tí ìjọba ń tà láti fi yá owó, tó sì ń san èlé lé lórí, gan-an ni àwọn olówó ń sáré rà. Bí iye tí wọ́n ń rà á ṣe ń gòkè ni èlé ẹni tó rà á ń dínkù: ti bọ́ǹdù ọlọ́dún mẹ́wàá já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún kí ọdún tó parí.

Gíríìsì kò rójú àánú bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó jẹ́wọ́ ní 2009 pé àlàfo ìṣúná òun (iye tí ìnáwó ìjọba fi ju owó tó ń wọlé lọ) ju èyí tí òun kéde lọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta bọ́ǹdù rẹ̀ dànù. Ẹ wò ó: bọ́ǹdù 100 yúrò tó ń san 5 lọ́dún, bí ẹnì kan bá rà á ní 50, èlé rẹ̀ ti di ìdá 10. Iye èlé tí ìjọba yóò fi yá owó mìíràn náà nìyẹn. Ní 2012, ti Gíríìsì kọjá ìdá 30.

Bí gbèsè ṣe pọ̀ tó nìkan kọ́ ló fa ìyàtọ̀ yìí. Ti Japan ju ti Gíríìsì lọ. Gbèsè dọ́là ni Amẹ́ríkà jẹ, òun náà ló ń tẹ dọ́là. Gbèsè yúrò ni Gíríìsì jẹ, kò sì lè dá yúrò tẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n gé owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó Gíríìsì tí kò mọ ohun tí bọ́ǹdù ń jẹ́.