Maṣíìnì tó ń fi àwọ̀ júwe ara ẹ̀: ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún maṣíìnì tó ń di ọjà sínú ọ̀rá tí wọ́n gbé wá síbi iṣẹ́ wa. Ó yára lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ sọ, bí wọ́n ṣe kùn ún àti bí wọ́n ṣe ṣe àwọn ibi téèyàn ń fọwọ́ kàn ni, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ra maṣíìnì kì í wo ibẹ̀ rárá. Èyí tá à ń lò tẹ́lẹ̀, gíréè ni látòkè délẹ̀, bọ́tìnnì 14 tó jọra bí ìbejì ló wà lójú ẹ̀, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á lò tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lè dá a lò, àyà ẹ̀ á ṣì máa já.

Ti tuntun yìí, ara ẹ̀ funfun, gbogbo ibi tí òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ kàn ni wọ́n kùn ní ọ́réńjì: ibi tá a fi ń ṣí kọ́bà, ibi tá a ti ń pààrọ̀ ọ̀rá, ibi tá a ti ń fún bẹ́líìtì. Èyí tí ò bá ti jẹ́ ọ́réńjì, ti ẹnjiníà nìyẹn, fi í sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tuntun kan dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò tíì ṣàlàyé tán tó ti pààrọ̀ ọ̀rá fúnra ẹ̀, inú mi dùn débi pé mo pe àwọn yòókù wá wò ó. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dá a dúró ní pàjáwìrì náà pupa, ẹ̀yìn ẹ̀ yẹ́lò, orí ẹ̀ rí bí olú, àtẹ́lẹwọ́ lo máa fi gbá a láì wojú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bí nǹkan ṣe rí lọ́wọ́ yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán o. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tó ń wa bàálù B-17 ti Amẹ́ríkà á balẹ̀ láyọ̀ tán, wọ́n á wá ká ẹsẹ̀ bàálù nígbà tó jẹ́ flap, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó máa ń ṣí wálẹ̀ lẹ́yìn apá tí bàálù bá fẹ́ balẹ̀, ni wọ́n fẹ́ ká, torí súìsì méjèèjì jọra, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sì wà. Alphonse Chapanis, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, ló dábàá pé kí wọ́n fi nǹkan tó rí bí táyà sórí ti ẹsẹ̀, kí ti flap rí pẹlẹbẹ bí apá bàálù, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn pàápàá.

Ibi tí wọ́n ti kùnà ni iná. Gílóòbù kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀, á jẹ́ gíríìnì tí iṣẹ́ bá ń lọ, á di pupa tí nǹkan bá há. Ọ̀kan lára wa ò lè mọ pupa yàtọ̀ sí gíríìnì, ojú ẹ̀ ti wà bẹ́ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i, àwọn ọkùnrin tójú wọn rí bẹ́ẹ̀ ò sì kéré rárá, ṣó wá yẹ kó máa béèrè lọ́wọ́ wa ní gbogbo ìgbà ni? A pe ẹni tó tà á, ó ní bó ṣe wá nìyẹn. La bá ra iná alágbèékà mẹ́ta fúnra wa, pupa lókè, yẹ́lò láàárín, gíríìnì nísàlẹ̀, oníná wa so ó mọ́ ọn, ibi tó bá ti tàn ni ọ̀rẹ́ wa ń wò báyìí, kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.