Oṣù mẹ́sàn-án tí mo fi Meta Business Suite ta èlùbọ́ láti Sábẹ̀ẹ́

Bí ẹ bá ti ṣe èlùbọ́ rí, ẹ ó mọ̀ pé a kì í bó iṣu kan, ká dà á sómi gbígbóná, ká sá a gbẹ, ká tó wá mú èkejì. Gbogbo rẹ̀ là ń bó pọ̀. Gbogbo rẹ̀ là ń dà sínú omi gbígbóná lálẹ́, a ó dé e mọ́jú, ilẹ̀ á mọ́, a ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sóòrùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó bí ìyá mi ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi bẹ̀rẹ̀ sí í ta èlùbọ́ lórí Facebook, n kò rántí ọgbọ́n yìí rárá. Lójoojúmọ́ ni mò ń wá fọ́tò kan, mò ń ronú ohun tí n ó kọ sábẹ́ rẹ̀, mo gbé e sókè, mo tún jókòó tì í láti wo ẹni tó máa dáhùn. Wákàtí kan ti lọ nìyẹn, nígbà míì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ó bá rẹ̀ mí, n kò ní gbé nǹkan kan sókè, ọ̀sẹ̀ kan á sì kọjá báyìí láìsí ohùn mi lórí pééjì.

Sábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo ń gbé, lójú títì tó ti Kútọnu lọ sí Parakú. Èlùbọ́ ni mò ń tà yíká ọdún, mo sì ń fi kajú sísun kún un lásìkò rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi wà ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àwọn díẹ̀ wà ní Parakú. Wọ́n á fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, èmi á di ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n á lọ gbà á ní gáréèjì. Ẹni tí kò rí ọ lójú rí ló ń fi owó ránṣẹ́ sí ọ. Ohun tó ń rí lórí pééjì rẹ nìkan ló fi ń gbà ọ́ gbọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fọ́tò àti fídíò fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀.

Kí n tó dé ìdí Meta Business Suite, ohun èlò tí a fi ń to ohun tí a fẹ́ gbé sórí Facebook àti Instagram sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, mo ti gba ọmọkùnrin kan ní Kútọnu pé kó máa bá mi ṣe é. 25,000 sẹ́fà lóṣù, fún oṣù mẹ́ta. Ó ń gbé nǹkan sókè déédéé, n kò lè parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwòrán tó ń lò kì í ṣe tèmi. Lọ́jọ́ kan ó gbé àwo iyán funfun báláú kan sókè, obìnrin kan láti Àjàṣẹ́ bi mí lábẹ́ rẹ̀ pé, “Ìyá, ṣé èlùbọ́ tiyín ló funfun báyìí?” Ojú tì mí gan-an. Mo san owó oṣù tó kù fún un, mo sì gba pééjì mi padà.

Meta tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp ló ṣe Meta Business Suite. Ọdún 2020 ló jáde, Facebook Business Suite ni wọ́n ń pè é nígbà náà, kí ilé-iṣẹ́ náà tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Meta ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè lò ó lórí fóònù tàbí lórí kọ̀ǹpútà, ó sì wà ní èdè Faransé, èyí tí mo fi ń lò ó. Pééjì ìṣòwò mi lórí Facebook ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi Instagram kún un, àkáǹtì Instagram yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti oníṣòwò, kì í ṣe ti ẹni lásán. Ọmọ àbúrò mi ló bá mi so méjèèjì pọ̀, kò pẹ́ rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó rí kàlẹ́ńdà kan. Ẹ mú ọjọ́, ẹ mú wákàtí, ẹ fi fídíò àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, ó tán. Bí wákàtí yẹn bá tó, òun fúnra rẹ̀ á gbé e jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí èyí fi bá iṣẹ́ èlùbọ́ mu ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn là ń ṣe èlùbọ́, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ tí iṣu sì ń gbẹ kíá láìbu. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n yíká ọdún là ń tà á, àti pé oṣù kẹfà, oṣù keje, tí iṣu ti wọ́n, gan-an ni àwọn èèyàn máa ń béèrè bóyá ibi tí a sá a sí mọ́. Kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n ní oṣù keje? Àpáta tí òjò ń rọ̀ lé lórí? Fídíò tí n ó lò lóṣù keje, oṣù kìíní ni mo gbọ́dọ̀ ti yà á. Ọgbọ́n yìí ló gbà mí ní ọdún méjì kí n tó rí i.

Nítorí náà, ní oṣù kìíní tó kọjá, mo ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ fún fídíò nìkan. N kò ta nǹkan kan lọ́jọ́ méjèèjì, n kò dáhùn fóònù. Láti aago méje àárọ̀ títí di bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ la fi yà á, a tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ọ̀sán máa ń jẹ́ kí iṣu funfun jù nínú fídíò, èèyàn ò ní rí nǹkan kan. Ọmọ àbúrò mi ló di fóònù mú. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta la yà á: láti òkèèrè, lẹ́bàá ọwọ́, àti níbi tí ojú mi ti hàn. Bíbó iṣu, ọwọ́ fífọ̀, omi tó ń hó díẹ̀díẹ̀, iṣu tó tẹ́ lọ rẹrẹ lórí àpáta, ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́, ajọ̀ tó ń mì, ìkòkò lórí iná, ọkà tó ń yí lábẹ́ orógùn. Ẹ ní aṣọ rírọ̀ lápò o, eruku ọyẹ́ á bo ojú kámẹ́rà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Atẹ́gùn náà ò jẹ́ kí ohùn gbọ́, nítorí náà n kò sọ̀rọ̀ níta rárá. Lálẹ́, nínú yàrá tí aṣọ pọ̀ sí, ni mo gba ohùn mi sílẹ̀. Fídíò kéékèèké 64 ló wà lọ́wọ́ mi nígbà tó parí. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí káàdì, mo tún kó o sórí kọ̀ǹpútà àbúrò mi, mo sì fi iṣẹ́ sọ orúkọ wọn: bíbó, sísá, lílọ̀, ríro.

Kí ni mo wá sọ nínú wọn? Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ fún mi. Fún oṣù kan gbáko mo ń kọ gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bá bi mí sínú ìwé kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n. Nígbà tí mo ka ìwé yẹn, mo rí i pé ìbéèrè 11 péré ni wọ́n ń bi mí, wọ́n kàn ń fi ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi bi í ni. Báwo ni n ó ṣe rò ó tí kò fi ní ní kókó? Báwo ni n ó ṣe pa á mọ́ kí kòkòrò má wọ̀ ọ́? Èyí tó wọ́pọ̀ jù: kí ló dé tí ọkà fi dúdú nígbà tí iṣu funfun? Mo fi fídíò dáhùn èyí. Mo gé iṣu sí méjì, mo fi í sílẹ̀, wọ́n rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kàn án, gẹ́gẹ́ bí ápù tí a gé ṣe ń ṣe. Ohun kan wà nínú iṣu tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í ṣe aró. Nínú gbogbo ohun tí mo ti gbé sókè, òun ni wọ́n wò jù lọ, títí di òní àwọn èèyàn ṣì ń fi í ránṣẹ́ síra wọn.

Ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ sábẹ́ wọn, Faransé ló pọ̀ jù níbẹ̀, ohùn inú fídíò sì jẹ́ Nàgó. Mo máa ń fi tèlíbò kún un, torí ohun tí ọ̀pọ̀ ará Kútọnu ń pè é nìyẹn. Ẹni tó bá ń wá tèlíbò kò ní rí ọ bí o bá kọ èlùbọ́ nìkan.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan lóṣù ni mo ń kó wọn sínú kàlẹ́ńdà. Mẹ́ta lọ́sẹ̀, méjìlá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wákàtí méjì, ó tán. Ọ̀dọ̀ Meta ni ohun tí a bá fi sílẹ̀ ń dúró sí, kò sí lórí fóònù wa mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbà á gbọ́ ni ọjọ́ tí mo wà lóko níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé, tí fóònù mi ti kú láti àárọ̀. Nígbà tí mo padà dé tí mo sì fi iná sí i, fídíò aago kan ọ̀sán ti jáde, èèyàn mẹ́rin ti béèrè iye tí kílò kan jẹ́. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wò ó. Kò sí iná, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọjà mi ṣì ṣí.

Ohun èlò náà máa ń fi àkókò tí àwọn tó ń tẹ̀lé mi máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì hàn mí. Aago mẹ́jọ alẹ́ ló sọ fún mi. Mo gbìyànjú rẹ̀, òótọ́ ni pé wọ́n ń wò ó púpọ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n aago kan ọ̀sán, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Kútọnu bá jókòó jẹun, ni wọ́n ń rà. Ọ̀sán ni mo mú.

Ibi tó kù sí pọ̀ díẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé kò lè bá mi gbé nǹkan sórí Status WhatsApp, bẹ́ẹ̀ orí WhatsApp ni àwọn oníbàárà mi ti ń rà. Status ò ju wákàtí 24 lọ, ọwọ́ lèmi fi ń gbé e sókè. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kó fídíò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn sínú àpò kan lórí fóònù, tí mo to wọn tẹ̀léra, kí n má ṣe ronú mọ́. WhatsApp Business ràn mí lọ́wọ́ níbi ìdáhùn: mo ti kọ ọ̀nà ríro àti ọ̀nà ìsanwó sílẹ̀, bí mo bá tẹ àmì “/” wọ́n á jáde. Àtòjọ ìfiránṣẹ́ rẹ̀, tí a fi ń fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, kò gbà ju èèyàn 256 lọ, ẹni tí kò bá sì fi nọ́ńbà rẹ sínú fóònù tirẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà.

Méjì nínú àṣìṣe mi nìyí, kí ẹ̀yin má ṣe é. Mo kọ 800 sẹ́fà sórí fọ́tò mẹ́fà, mo tò wọ́n títí dé oṣù keje. Iṣu wọ́n kí ti tuntun tó jáde, bó ti máa ń rí lọ́dọọdún, kílò kan sì di 1,000. Àwọn fọ́tò ń jáde pẹ̀lú 800. Mo tà á fún àwọn tó rí i ní iye yẹn, torí ọ̀rọ̀ mi ni, mo sì pàdánù. Láti ìgbà náà owó kì í sí lórí àwòrán mi mọ́. Èkejì ro mí lọ́kàn jù. Àgbà kan kú nínú agbo ilé wa, àárọ̀ ọjọ́ tí a ń sìnkú ni fídíò tí mo ti ń rẹ́rìn-ín lójú ìkòkò jáde. Àwọn ẹbí rí i. Mo ní láti lọ tọrọ àforíjì láti ilé dé ilé. Nísinsìnyí, bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, kàlẹ́ńdà ni mo kọ́kọ́ ń ṣí. Ó rọrùn láti sún ọjọ́ síwájú, n kò kàn rántí ni. Mo ń kọ 1 oṣù kẹjọ, ọjọ́ òmìnira Benin, àti 15 oṣù kẹjọ, ọjọ́ ọdún iṣu ní Savalu, sílẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ti Ramadan, mo ń dúró de oṣù lójú ọ̀run.

Ohun kan tí n kò ní tò sílẹ̀ láé ni ìdáhùn. Meta Business Suite ní ibi tí a lè kọ ìdáhùn sí tí yóò máa lọ fúnra rẹ̀, mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì pa á. Ẹni tó kọ “ẹ kú ilé o” sí mi, èmi ni mo gbọ́dọ̀ kí i padà, kí n bi í léèrè ọmọ rẹ̀.

Ṣé ọjà mi pọ̀ sí i? Ó pọ̀ díẹ̀, kò di ìlọ́po méjì. Ohun tí mo rí gbà ni àkókò mi, pẹ̀lú 25,000 sẹ́fà lóṣù tí n kò san mọ́. Dátà nìkan ni mò ń rà. Bí ẹ bá ń ta ohun tí kò yí padà, bí èlùbọ́, gàrí, òrí, aṣọ òfì, ẹ lò ó. Bí ó bá jẹ́ ẹja tútù lẹ ń tà, tí ti òní kò jọ ti àná, kò ní ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀, WhatsApp tó yín. Èmi ti ń wá káàdì tó tóbi jù báyìí, torí ọyẹ́ kò ní pẹ́ dé, kajú á sì tẹ̀lé e.