Ìyá aláró Ìtòkú yìí mọ èrò í pa pọ̀

Bí ẹ bá ń wá adìrẹ ìgbéyàwó l'Abẹ́òkúta, ẹ lọ bá ìyá aláró kan ní Ìtòkú. Èmi fẹ́ àwòrán àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Olókun, ìyàwó àbúrò mi fẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, ìyá wa ní oníko, àdìrẹ tí wọ́n ń fi okùn ìko dì, nìkan lòun mọ̀. Màmá aláró ò da èrò ẹnikẹ́ni nù. Wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya Olókun sáàárín, Ìbàdàndùn yí etí aṣọ ká, wọ́n fi ìko dì ti gèlè. Ìkòkò aró kan náà ni wọ́n rẹ gbogbo ẹ̀ sí. Àdàpọ̀ gidi nìyẹn, kì í ṣe àmúlùmálà! Iṣẹ́ wọn kì í tètè yá o, owó rẹ̀ sì ga díẹ̀. Ẹ sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn yín kí wọ́n tó mú ìyẹ́.