Igbà, bẹ́líìtì kọ́lékọ́lé, àbí bẹ́líìtì agungi: èwo ló yẹ kẹ́ẹ rà?

Àwọn ọmọ tó fẹ́ máa fi igi gígùn jẹun ò yéé bi mí pé, "Bọ̀dá, kí ni kí n kọ́kọ́ rà?" Wọ́n á ti wo fídíò òyìnbó kan tó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka bí ọ̀bọ, wọ́n á wá gbà pé bẹ́líìtì tó wà nídìí ẹ̀ yẹn ló ń bá a gùn ún. Èmi náà á bi wọ́n padà pé igi wo? Torí ẹni tó ń gun ọ̀pẹ lọ́nà Ìbòdì àti ẹni tí onílé kan pè ní Ìrẹ̀mọ kó wá bá òun gé ẹ̀ka máńgòrò tó ti dùbúlẹ̀ sórí páànù, iṣẹ́ wọn ò jọra, ohun tí wọ́n máa rà náà ò lè jọra. Iléṣà ni mo ti kọ́ ọ̀pẹ gígùn lọ́dọ̀ bàbá tó bí bàbá mi, Ifẹ̀ ni mo ti ń gé igi inú ọgbà fáwọn èèyàn báyìí, gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi wéra níbí ni mo sì ti fi ara mi dán wò, àfi ẹyọ kan tí màá sọ tá a bá débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú igbà ṣáájú, òun làwọn ọmọ ìsinyìí ń fojú di jù. Tẹ́ẹ bá ti so ó yí ọ̀pẹ àti ẹ̀yìn ara yín ká, ẹ ó fẹ̀yìn tì í, ẹ ó fẹsẹ̀ tẹ ara igi, tẹ́ẹ bá fẹ́ sún sókè ẹ ó fi àyà súnmọ́ ọ̀pẹ díẹ̀ kí igbà lè dẹ̀, ẹ ó jù ú sókè, ẹ ó tún fẹ̀yìn tì í padà, ẹ ó gbé ẹsẹ̀. Ìwúwo yín gan-an ló ń jẹ́ kó gbá igi mú, ẹni tí ẹ̀rù bà tó wá rọ̀ mọ́ ọ̀pẹ bí ọmọ tó rọ̀ mọ́ ìyá ẹ̀ ni igbà máa yọ̀ fún. Mi ò tíì rí bẹ́líìtì òyìnbó tó yára tó o lórí ọ̀pẹ o, adẹ́mu tó ń gòkè láàárọ̀ tó tún ń gòkè nírọ̀lẹ́ ò ráyè máa so rọ́pù kó tún máa tú u nídìí ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan.

Igbà ò ní lébẹ́ẹ̀lì, ojú, etí àti imú lẹ fi ń rà á. Bàbá mi àgbà máa ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, tó bá dún kẹ́kẹ́ bíi pòròpórò àgbàdo á gbé e sílẹ̀, kò ní bá ẹni tó ń tà á ná an rárá. Tí ò bá dún, á fi èékánná àtàǹpàkò ya ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ, á fa fọ́nrán kan ṣoṣo jáde, á fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Tó bá ge ẹ́ lọ́wọ́ kó tó já, igbà gidi nìyẹn. Tó bá já wẹ́rẹ́, ó ti jẹrà nínú bó ti wù kí òde ẹ̀ máa dán tó. Á wá gbóòórùn ẹ̀, torí igbà tí òjò pa tí wọ́n ká sí kọ̀rọ̀ ilé máa ń rùn bí àgbàdo tó bu. Ibi tẹ́ẹ máa wò dáadáa ni ibi tó ń ha ara ọ̀pẹ àti ìdí kókó, ibẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ jẹ.

Àwọn kan ti wá ń fi wáyà ṣe igbà báyìí, wọ́n á ki wáyà bọ inú róbà. Òótọ́ ni pé kì í jẹrà, àmọ́ ìpẹtà ń jẹ ẹ́ nínú róbà níbi tójú yín ò dé, tí igi bá sì tutù ó máa ń yọ̀. Mo lò ó fún àsìkò òjò kan péré, mo padà sí olókùn. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó rí i pé róbà yẹn ṣeé sún kúrò kó lè máa wo wáyà inú ẹ̀.

Àbùkù igbà méjì péré ni, ṣùgbọ́n méjèèjì ló tóbi. Ìkíní, ẹyọ kan ni. Tí àdá yín bá ṣèèṣì kàn án níbi tẹ́ẹ ti ń gé ẹyìn, kò sí nǹkan míì tó máa mú yín. Ìkejì, kò lè kọjá ẹ̀ka. Ó dáa lórí ọ̀pẹ àti àgbọn tó lọ tààrà, ṣùgbọ́n lórí máńgòrò, píà tàbí ọdán, ibi tí ẹ̀ka àkọ́kọ́ bá ti yọ ni igbà ti parí iṣẹ́.

Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń sáré lọ ra bẹ́líìtì kọ́lékọ́lé, èyí tó ń gba èjìká tó gba itan tó sì ní òrùka lẹ́yìn. Ó wà lọ́jà, tòkunbọ̀ ẹ̀ pọ̀, owó ẹ̀ ò sì le. Èmi náà ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní ẹni tó wá láti ìlú òyìnbó ló gbé e wá fóun. Mo gun igi píà kan ní Iléṣà, mo so okùn mọ́ òrùka ẹ̀yìn yẹn, ẹ̀ka tí mo tẹ̀ já. Bẹ́líìtì mú mi o, mi ò purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ṣe ni mo gbé kọ́ lójú òfuurufú bí ẹran alápatà, mi ò lè yíjú sí igi, ọwọ́ mi ò kan ẹ̀ka kankan, itan mi méjèèjì ti kú kí ọmọ tó wà nísàlẹ̀ tó rí àkàsọ̀ yá. Nígbà tí mo délẹ̀ mo wo ibi ejìká, òwú ìránṣọ ẹ̀ ti tú tó ìka mẹ́ta.

Ẹ̀bi bẹ́líìtì yẹn kọ́ pátápátá, àṣìlò ni. Èyí tí wọ́n kọ EN 361 sí lára (EN ni àmì ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù, nọ́ńbà ẹ̀ ló ń sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nǹkan fún), wọ́n ṣe é kó gbá èèyàn mú tó bá ń já bọ́ ni, wọn ò ṣe é kéèyàn máa jókòó ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀. Ẹni tó bá gbé kọ́ tí ò lè mira, ẹ̀jẹ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, kì í ṣe nǹkan tó ń dúró de ẹni tó lọ yá àkàsọ̀. Okùn ẹ̀ tó máa ń fà ya láti dín agbára ìṣubú kù tún ń fẹ́ àyè nísàlẹ̀, èyí tó gùn ní mítà 2 ń fẹ́ nǹkan bíi mítà 6 kó tó dá yín dúró. Igi ọgbà tí mò ń gé nÍfẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni mo ń dúró ní mítà 4 tàbí 5 lórí ẹ̀, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Bẹ́líìtì agungi gidi ńkọ́? Bí àga ló rí, ó fẹ̀ nídìí, ó fẹ̀ nítan, òrùka tó ń gbé yín wà níwájú lọ́gangan ìdodo, méjì míì wà ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. EN 813 ni ẹ máa rí lára ẹ̀ fún ti ìjókòó, EN 358 fún òrùka ẹ̀gbẹ́. Tẹ́ẹ bá rí 358 nìkan, bẹ́líìtì ìbàdí lásán ni, kò ṣeé gbé kọ́. Ẹ máa ta rọ́pù kọjá lórí ẹ̀ka tó lágbára, orí kan á wà lára yín, orí kejì lẹ máa fi okùn kékeré ta kókó mọ́, kókó tó ń rìn tẹ́ẹ bá fọwọ́ tì í, tó ń dì tẹ́ẹ bá fi í sílẹ̀. Ẹ lè dúró síbi tó wù yín kẹ́ẹ fọwọ́ méjèèjì gé igi. Okùn ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ni ìkejì, ẹ̀ ń fi í gbá igi mọ́ra, ẹni tó bá sì máa tan ẹ́ńjìnnì ìgégi lókè gbọ́dọ̀ so méjèèjì papọ̀.

Petzl ti ilẹ̀ Faransé ń ṣe èyí tí wọ́n pè ní Sequoia, Buckingham àti Weaver ń ṣe tiwọn ní Amẹ́ríkà. Owó wọn ga, dọ́là ló ń darí ẹ̀, owó ẹyọ kan lè ra igbà ogún kó sì ṣẹ́ kù. Tòkunbọ̀ wà, àmọ́ ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe é lára lébẹ́ẹ̀lì inú. Petzl fúnra wọn sọ pé ohun tí wọ́n bá fi aṣọ tàbí ike ṣe ò gbọ́dọ̀ ju ọdún 10 lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ì báà wà nínú ọ̀rá láìlò. Èyí tí wọ́n ti gé lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ kúrò, ẹ má bi mí, ìdí tí wọ́n fi gé e ti hàn. Ẹ tún bi wọ́n bóyá ó ti bá bátìrì mọ́tò gbé inú búùtù kan náà rí, torí ásíìdì ń jẹ okùn náílọ́ọ̀nù láìjẹ́ kí ojú rí i.

Tá a bá wá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

Ọ̀pẹ àti àgbọn: igbà, kẹ́ẹ sì ní èkejì lọ́rùn. (Ẹni tó ń gun àgbọn, kó wo òkè dáadáa kó tó gbéra, kó má lọ bá agbọ́n lórí ẹ̀.)
Máńgòrò, píà, ọdán, ohunkóhun tó lẹ́ka: bẹ́líìtì agungi. Igbà ò dé ibẹ̀, ti kọ́lékọ́lé á gbé yín kọ́.
Orí òrùlé tàbí àkàsọ̀ gíga: ibẹ̀ ni ti kọ́lékọ́lé wúlò.
Igi tí wọ́n fẹ́ gé lulẹ̀ pátápátá: bẹ́líìtì agungi pẹ̀lú irin ẹsẹ̀.

Irin ẹsẹ̀ yẹn, irú èyí táwọn oníná fi ń gun òpó, ẹ má lò ó lórí igi tí onílé fẹ́ kó wà láàyè. Ihò tó ń lu ni àrùn ń gbà wọlé. Ọ̀pẹ tún burú jù, torí kò lè hu èèpo bo egbò bíi máńgòrò, ihò tẹ́ẹ lu sí i lónìí máa wà níbẹ̀ títí tó fi máa kú.

Ẹyọ kan tí mi ò tíì gùn ni irin alápá méjì táwọn ará Kerala ní Íńdíà ń fi gun àgbọn, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí ọ̀kan, ẹsẹ̀ òsì lórí èkejì, wáyà á máa gbá igi mú bẹ́ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi ó máa rọrùn fún ẹni tí ò kọ́ igbà láti kékeré, tí ara ọ̀pẹ bá ti dán. Ọ̀pẹ tí ìdí imọ̀ ṣì kún ara ẹ̀ ni mi ò rí bó ṣe máa kọjá lórí ẹ̀.

Rọ́pù wá ni ibi tí ẹ̀mí ń bọ́ sí. Okùn róbà aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tà lọ́jà, èyí tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ àti ẹrù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ara yín kọ́ ọ. Polypropylene ni púpọ̀ nínú ẹ̀, nǹkan bí 160 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti ń yọ́, kókó tó ń ha á nígbà tẹ́ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ kíákíá sì máa ń gbóná gan-an. Mo ti fọwọ́ kan èyí tó yọ́ tó tún dì, ó le bí ike síbi kan, ó sì ṣẹ́ nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Rọ́pù agungi, EN 1891 irú A, tó nípọn ní mìlímítà 11 sí 13, ni kẹ́ẹ wá, mítà 45 á tó yín fún igi ọgbà. Húùkù náà, èyí tó ń ti ara ẹ̀ pa tó jẹ́ pé ọ̀nà mẹ́ta lẹ máa fi ṣí i ni, wọ́n á kọ 22 kN tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i lára, ìyẹn lé ní 2,200 kílò. Èyí tí wẹ́dà ìta yín rọ ò ní nọ́ńbà kankan lára, ẹ fi so kẹ́ẹ̀gì ẹmu.

Hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì ọ̀kadà wúwo jù, kò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ti kọ́lékọ́lé, EN 397, sàn, àmọ́ okùn àgbọ̀n ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó já tí nǹkan bá fà á, tẹ́ẹ bá ṣubú ó lè fò kúrò lórí. Ti àwọn tó ń gun òkè, EN 12492, ló máa dúró.

Tówó ò bá tó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, rọ́pù, húùkù àti hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ẹ rà ní tuntun, kẹ́ẹ sì ra bẹ́líìtì ní tòkunbọ̀ tó lọ́dún tó dáa lára. Ẹ má gbà á láwìn lọ́wọ́ ará ilé mi kan ní Iléṣà o, òṣómàáló ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yín ni.

Kẹ́ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ẹ so bẹ́líìtì yẹn rọ̀ sórí ẹ̀ka tó rẹlẹ̀ kẹ́ẹ jókòó sínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kì í ṣe ìṣẹ́jú 1. Tí itan bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, sáìsì yín kọ́. Èyí tí mò ń lò báyìí ni ẹ̀kẹta tí mo jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, oníṣọ́ọ̀bù ní ṣé bẹ́líìtì ni mo wá rà ni àbí mo wá sinmi.