Ọ́fíìsì tó ní kí n lọ yẹ jẹ́nótáìpù wò kí n tó lọ gun òkè

Ká ní kì í ṣe ti jẹ́nótáìpù ni, mi ò bá má jókòó kọ nǹkan kan. Àwọn tó ń ṣètò ìrìnàjò kún Ìjẹ̀bú-Òde, láti Ìbàdàn Gáréèjì títí dé Mọlípa, ṣùgbọ́n Mẹ́kà àti Jerúsálẹ́mù ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo tí mo rí tó ń mú èèyàn lọ Nepal ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ọ̀rọ̀ owó ṣì wà láàárín wa. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n wà, lórí ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n ti mọ̀ wọ́n.

Ohun tí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ rà lọ́wọ́ wọn ni ìmúrasílẹ̀ àti ìrìnàjò lọ sí Everest Base Camp. Everest ni òkè tó ga jù lọ láyé, Base Camp sì ni ibùdó tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ ó fẹsẹ̀ rìn láti Lukla, ìlú kékeré tí bàlúù ń gbé èèyàn dé, ẹ ó máa sùn sí ilé tíì lójú ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ tí wọ́n sì ń fúnni ní yàrá, títí ẹ ó fi dé ibi tó ga tó mítà 5,364. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú régbérégbé ní orí mi ti yí, pé ẹni tó pé àádọ́ta ọdún, aṣọ Ojúde Ọba ló yẹ kó máa wá owó rẹ̀. Mo ra aṣọ náà o. Mo tún lọ Nepal.

Ọjọ́ tí a lọ san owó ńlá ni ọ̀rọ̀ di ariwo. A ti san owó ìforúkọsílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti ṣí áàpù báńkì, ó ku kí n tẹ̀ ẹ́ kó lọ, ni ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì bá ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Jẹ́nótáìpù yín ńkọ́?"

"Jẹ́nótáìpù kẹ̀? Ṣé ìyàwó ni mo wá fẹ́ níbí ni?"

Bàbá kan tó ń dúró de físà Sáúdí bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó tún un bi mí, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, kò wá sílẹ̀: ti èmi àti ti àbúrò mi, nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́nu. Mo ní AA ni àwa méjèèjì. Ó ní ìwé dà? Àbúrò mi wá inú fóònù rẹ̀ títí, ó yọ fọ́tò ìwé kan tí wọ́n ṣe fún un nígbà tó fẹ́ wọ yunifásítì. Ọmọbìnrin yìí gba fóònù náà, ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú, ó kà á látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó fọwọ́ sí i ò kọ orúkọ. Wọn ò sọ bí wọ́n ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ máa tún un ṣe, ní láàbù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀."

Inú bí mi. Mo ní kó pe ọ̀gá rẹ̀ fún mi. Ó pè é, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ọ. Ọ̀gá ní kó gbowó lọ́wọ́ wa, kí a máa mú ìwé bọ̀ tó bá yá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọ̀gá ní kó gbowó. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, mi ò ní gbà á." Ó sì gbé fóònù náà sílẹ̀. Àtikékeré ni mo ti ń bá àwọn ará ilé wa ná ọjà, mi ò rí ọmọ Ìjẹ̀bú tí owó wà níwájú rẹ̀ báyìí tó sọ pé òun ò gbà rí.

Mo sọ̀rọ̀ burúkú sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn. Mo ní wọ́n ti bá oníláàbù dọ́gba ni, pé owó àyẹ̀wò ni wọ́n fẹ́ jọ pín. Ọ̀rọ̀ náà ò sì bára mu, torí kò dárúkọ láàbù kankan fún wa. Ó ní ibi tó bá wù wá ni kí a lọ. A ṣe ọ̀kan n'Ìjẹ̀bú-Òde, a ṣe èkejì ní Ṣágámù. Tèmi jáde, AA, AA. Ti àbúrò mi jáde, AS. Ti Ṣágámù náà jáde, AS.

Inú mọ́tò la wà. Kò sọ̀rọ̀ òkè rárá. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ti màmá Tómi?" Bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ ẹ. Ó pe ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀, ó ní kó lọ wá ìwé tirẹ̀ kó ya fọ́tò rẹ̀, kó má sọ ọ́ lẹ́nu. A jókòó, a ò bára wa sọ̀rọ̀, títí fọ́tò fi wọlé lórí WhatsApp. AA. Ó gbé orí lé sítíárìn. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí.

Nígbà tí a padà lọ, mo ti ń retí kí ọmọbìnrin náà sọ pé "ṣé ẹ rí i báyìí." Kò sọ ọ́. Ó fa bébà kan jáde, ó ya egungun ìhà sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Bí a bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́. Ní Base Camp, ọ́síjìn tí èèyàn ń rí mí sínú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì èyí tí à ń mí n'Ìjẹ̀bú. Ẹni tó jẹ́ AS lè gbé ayé rẹ̀ nílẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ kó má mọ ohunkóhun lára. Ṣùgbọ́n tí ọ́síjìn bá wọ́n, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bíi dòjé, kó lọ dí ojú ọ̀nà nínú ọlọ inú, lápá òsì, lábẹ́ ìhà, kí apá kan ibẹ̀ sì kú. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹlòmíràn á lọ á bọ̀, kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà. Ṣùgbọ́n láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS. Àwọn òyìnbó tó ń kọ ìmọ̀ràn ìrìnàjò òkè fún ara wọn, kí ló fẹ́ mú wọn rántí rẹ̀?

Ó tún bi wá bóyá ara wa gba Septrin àti Fansidar, torí ọ̀kan náà ni ìdílé Diamox, oògùn tí wọ́n máa ń fúnni nítorí òkè, àti àwọn oògùn yẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó gbé Diamox mì. Gbogbo èyí láti ẹnu ẹni tí mo rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa tẹ risíìtì lọ.

Dókítà tí àbúrò mi lọ bá ò sọ pé kó má lọ. Ó kàn fi ibẹ̀ hàn án lórí àwòrán ilẹ̀: Gorak Shep, ibi tí wọ́n ń sùn kẹ́yìn, ga ju mítà 5,100 lọ, ilé ìtọ́jú tó sún mọ́ ọn jù ní àsìkò tiwa, Pheriche ló wà, ìrìn wákàtí púpọ̀ sísàlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ò bá gbé e, hẹlikọ́pítà ni. Àbúrò mi ronú sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ, ẹ bá mi ya fọ́tò." Owó ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára risíìtì pé wọn kì í dá a padà, wọ àkántì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. A ò tiẹ̀ béèrè.

Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, ìràwọ̀ márùn-ún ni ǹ bá fún wọn, kí n sì fi àdúrà sí i. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà lọ sí ìsinmi, mo wá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá.

Ọ̀gá ló fún mi ní ìwé ìnṣọ́ránsì. Mo gbé e lọ sílé, mo kà á lálẹ́, títí dé ibi tí wọ́n kọ wínníwínní lẹ́yìn. Ó ní àwọn ò ní san kọ́bọ̀ lórí ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí èèyàn níbi tó ga ju mítà 3,000 lọ. Ẹ gbà mí o. Ní Lukla tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn, a ti lé ní 2,800. Namche tí à ń sùn lọ́jọ́ kejì jẹ́ 3,440. Ìnṣọ́ránsì yẹn á ti rẹ̀ kí ó tó rẹ èmi gan-an! Mo pe ọ̀gá. Ó ní, "Alàgbà, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ò ní ṣàìsàn lórúkọ Jésù." Mo ṣe àmín. Mo ní àmín náà ò lè san owó hẹlikọ́pítà. Ó ní òun ti ń mú èèyàn lọ, kò sí ẹni tó béèrè irú èyí rí. Mo bi í léèrè pé àwọn tó kú, ṣé wọ́n máa padà wá béèrè ni? Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìpè, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó dé mítà 6,000, wọ́n sì gba àfikún owó lọ́wọ́ mi lórí ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Risíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Kí n má purọ́, físà wọn dán. Àwa ọmọ Nàìjíríà ò sí lára àwọn tí wọ́n ń fún ní físà ní pápákọ̀ òfurufú Kathmandu, olú ìlú Nepal. A gbọ́dọ̀ ti gbà á kí á tó kúrò nílé. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n ṣe é, kò pẹ́.

Ẹni tí ọ́fíìsì fi kọ́ àwa tí a fẹ́ lọ ní ìrìn òkè, ọlọ́gbọ́n ni. Ìjẹ̀bú ò ní òkè. Òkè tí a ní, kòtò ni. Ó kó wa lọ sí Sùngbọ́ Erédò l'Ókè-Ẹ̀rì, yàrà tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó jìn tó ogún mítà láwọn ibì kan. A gbé àpò gààrí kọ́ ẹ̀yìn, a wọ inú rẹ̀ lọ, a gun ẹ̀bá rẹ̀ jáde, a tún padà wọ̀ ọ́. Ìyá kan tó ń ti oko bọ̀ dúró, ó wò wá, ó ní, "Ta ló ń lé yín?" Nígbà tó yá, a lọ sí Ìdánrè, a gun àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀ta. Ó sì sọ òtítọ́ fún wa, èyí tí ọ̀gá rẹ̀ ò lè sọ: pé gbogbo èyí, ẹsẹ̀ àti èémí ló ń kọ́, kò lè kọ́ ẹ̀jẹ̀. Ohun tó ń kọ́ ẹ̀jẹ̀ ni kí èèyàn máa rọra gòkè. Téèyàn bá ti kọjá mítà 3,000, kí ibi tó máa sùn má fi ju 500 lọ ga ju ti àná. Kó sì máa gba ìsinmi láàárín. Tí orí bá ń fọ́, tí oúnjẹ ò lọ, kó má gòkè sí i. Bí ara ò bá yá, kó sọ̀ kalẹ̀.

Òun náà ló ní kí n gbé gààrí Ìjẹ̀bú dání, nígbà tí ìwé ọ́fíìsì ní bisikíìtì. Ní Lobuche lójú ọ̀nà, tí dal bhat, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́ wọn, ti sú ẹnu mi, mo ra omi gbígbóná (líta líta ni wọ́n ń tà á, bí ẹ bá sì ṣe ń gòkè ló ń wọ́n sí i), mo tẹ ẹ̀bà kékeré sínú ife. Amọ̀nà wa, ọmọ Sherpa, ẹ̀yà tó ń gbé lórí òkè ibẹ̀, tọ́ ọ wò, ó dijú. Ó ní ó kan. Mo ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó sọ fún wa ní ọ́fíìsì pé ní àsìkò èrò, bàlúù Lukla kì í sábà gbéra láti Kathmandu, pé Ramechhap ni a máa lọ wọ̀ ọ́, ìrìn mọ́tò wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún, pé òru ni a ó dìde. Láti ẹnu ẹni tó wá gbé wa ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí mo ti wọ ṣòkòtò ìsùn.

Ó wá ku àpò ìsùn. Wọ́n yá mi ní ọ̀kan, mo san owó ìdógò ₦60,000 lé e. Wọ́n ní ó lè gba òtútù ìwọ̀n mẹ́wàá sísàlẹ̀ òdo. Òórùn kánfọ̀ ló ń rùn, síìpù rẹ̀ sì ń há láti ọjọ́ tí mo ti gbà á. Mo fi hàn wọ́n níwájú tábìlì yẹn gan-an, ọ̀gá fi ọ̀ṣẹ pa á, ó ní ó ti dáa. Ní Gorak Shep, síìpù náà là láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Yàrá ilé tíì ò ní iná ìyáná. Sítóòfù kan ṣoṣo ló wà ní ibi ìjẹun, ìgbẹ́ gbígbẹ yak, màlúù onírun wọn, ni wọ́n ń kì sí i, tó bá sì ti kú lálẹ́, ó di àárọ̀. Omi tó wà nínú ìgò mi dì. Obìnrin tó ni ilé náà gbé kúbùsù méjì lé mi, kò gba kọ́bọ̀. Mo dé Base Camp ní tèmi, mo ya fọ́tò fún àbúrò mi, mo bọ̀.

Mo dá àpò náà padà. Ọ̀gá ní èmi ni mo ba síìpù jẹ́, pé àwọn ò ní dá owó ìdógò padà. Ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ó há kó tó lọ, mo kọ ọ́ sínú ìwé." Ó ṣí ìwé náà, ọjọ́ àti wákàtí wà níbẹ̀. Ọ̀gá ní àwọn á pè mí.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ bá wọn, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ni kí ẹ béèrè. Ọ̀gá, ₦60,000 mi o. Nọ́ńbà àkántì mi wà lọ́wọ́ yín.